Orúkọ Tí Jíìkì Ń Jẹ́ Nínú Nóòtì Wa

Ẹ̀yin ará SS2, ẹ ó rántí tẹ́ẹ̀sìtì Kẹ́mísírì tí a ṣe ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí a wọlé sáà yìí. Ogún ìbéèrè, máàkì kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orí àwọn nǹkan tí chlorine wà nínú wọn ni gbogbo rẹ̀ dá lé, orúkọ wọn ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Mo gba 18. Èmi ni mo gba máàkì tó ga jù, mi ò sì ní purọ́ fún yín, inú mi dùn débi pé mo fi pín-ìn-nì há ìwé ìdáhùn náà mọ́ ojú ewé àkọ́kọ́ nóòtì mi, kí ẹnikẹ́ni tó bá yá nóòtì lọ́wọ́ mi lè rí 18 yẹn kó tó rí ohunkóhun.

Bí mo ṣe kọ́ ọ rèé: mo há a sórí. Mo tò wọ́n bí orin tí à ń kọ lórí ìlà láàárọ̀. Sodium oxochlorate(I), sodium dioxochlorate(III), potassium trioxochlorate(V), potassium tetraoxochlorate(VII). Mo ń kà á tí mo bá ń gbálẹ̀, mo ń kà á tí mo bá ń fa omi nínú kànga. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tó ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́, mọ̀ ọ́n ju àwọn kan nínú yín lọ, ẹ má bínú. Tó bá fẹ́ bú mi, á ní, "Ìwọ trioxo yìí!"

Ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n dá ìwé yẹn padà fún wa, díẹ̀ ló kù kí n pa àbúrò mi.

Ilé ojúkojú là ń gbé, yàrá mẹ́jọ, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo ní ẹ̀yìnkùlé, ní ìsàlẹ̀ ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́. Yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀sẹ̀ tirẹ̀ láti fọ̀ ọ́. Ọ̀sẹ̀ tiwa ni, ọjọ́ Sátidé. Màmá mi ti lọ sọ́jà, wọ́n fi jíìkì sílẹ̀ fún mi, ó kù bí ìdajì ike. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé gbogbo omi tí à ń fi sọ aṣọ di funfun ni à ń pè ní jíìkì ládùúgbò wa, ilé-iṣẹ́ yòówù kó ṣe é. Ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ike mìíràn tún wà níbẹ̀, ike omi tí wọ́n ti mu omi inú rẹ̀ tán, tí Màmá onílé rà lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri. Òògùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n ń pe ohun tó wà nínú rẹ̀. Kò sí ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Tí wọ́n bá dà á sórí ìdọ̀tí tó ti gan mọ́lẹ̀, á hó ṣùù, ìdọ̀tí á sì ṣí.

Jíìkì ni mo kọ́kọ́ dà sí i. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó, gbo ó, ìdọ̀tí pupa tó wà nísàlẹ̀ kò lọ. Mo wá rò ó lọ́kàn mi pé bí ẹyọ kan kò bá ká a, méjì á ká a. Ṣebí tí ibà bá ń ṣe èèyàn, òògùn oríṣi méjì mẹ́ta la máa ń lò pọ̀. Mo ṣí ike kejì, mo dà á lé e lórí.

Kò pẹ́ rárá. Ó hó, ó ru, òórùn kan sì ta mí nímú bíi pé wọ́n ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Òórùn jíìkì ni, ṣùgbọ́n ẹ fi ogún jíìkì sọ́nà kan. Omi ń dà lójú mi, ọ̀fun mi há, mo sáré jáde. Bí mo ṣe ń jáde ni àbúrò mi ń sáré bọ̀, ìtọ̀ ló ń gbọ̀n ọ́n. Mo fẹ́ pariwo pé kó má wọlé, ikọ́ kò jẹ́ kí ohùn jáde. Ó gba abẹ́ apá mi kọjá. Ó wọlé. Ó sì ti ilẹ̀kùn, nítorí Màmá wa ti kọ́ ọ pé ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ kì í fi ilẹ̀kùn sílẹ̀.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé àbúrò mi ní ikọ́ fée. Ike òògùn tó máa ń fà sẹ́nu tí àyà rẹ̀ bá há ti tán láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, owó oṣù Dádì ni a ń dúró dè.

Mo ń gbá ilẹ̀kùn, mo ń wúkọ́, mo ń gbá a. Nígbà tó máa fi rí ìdábùú ilẹ̀kùn ṣí, ó ti ká kò, èémí rẹ̀ ń dún bí fèrè. Ojú rẹ̀ pọ́n. Kò sunkún, torí kò sí èémí tó lè fi sunkún.

Gbogbo ilé jáde. Ìyá Ìbejì ti gbé ìgò epo pupa dé, wọ́n fẹ́ rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Bàbá tó ń tún rédíò ṣe ní yàrá kẹta ló já ìgò náà gbà, wọ́n ní, "Ẹ má fún un ní nǹkan kan! Atẹ́gùn ni kẹ́ ẹ jẹ́ ó rí!" Wọ́n gbé e lé èjìká, wọ́n gun òkè lọ sójú títì, wọ́n sì dá ọ̀kadà dúró. Ìyẹn ló gbà á là, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe wá mọ̀ lẹ́yìn náà.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fi ìbòmú sí i, wọ́n ń fi èéfín òògùn ránṣẹ́ sí i nínú. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló ń bi wá ní ìbéèrè.

"Kí lẹ pò pọ̀?"

"Jíìkì, mà. Àti òògùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀."

"Chlorine nìyẹn," wọ́n ní, bí ẹni tí irú rẹ̀ kì í ṣe tuntun sí. Wọ́n sọ fún Ìyá Ìbejì pé ẹni tí kò lè mí dáadáa, tí wọ́n bá rọ epo sí i lẹ́nu, epo lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Wọ́n wá yíjú sí mi. "Kíláàsì wo lo wà?"

"SS2, mà."

"Sáyẹ́ǹsì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọn ò sọ nǹkan kan mọ́. Wọ́n kàn wò mí, wọ́n sì padà sídìí àbúrò mi. Ká ní wọ́n gbá mi létí ni, ì bá sàn.

Nígbà tí Màmá mi sáré dé láti ọjà, mo ti múra sílẹ̀ de ìyà. Wọn ò nà mí. Wọ́n jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ní, "O ò mọ̀ ni. Ta ló kọ́ ẹ?" Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló jẹ́ kí n sunkún. Wọ́n kọ́ mi. Mo gba 18.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo fi ọ̀rá dì ike jíìkì, mo bu díẹ̀ nínú òògùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí ìgò kékeré, mo di èyí lọ́tọ̀, mo di ìyẹn lọ́tọ̀, mo gbé e tọ tíṣà wa lọ ní yàrá àyẹ̀wò lẹ́yìn ìdánudúró. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà àbúrò mi. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ sára ike jíìkì.

"Sodium hypochlorite, 3.5%, sà."

"Ṣé mo ti kọ́ yín ní èyí?"

"Rárá, sà. Kò sí nínú nóòtì."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. "Ṣí nóòtì rẹ." Mo ṣí i, ìwé 18 mi sì rèé níwájú níbi tí mo há a mọ́. Wọ́n fi ìka sí ìdáhùn mi kìíní, èyí tí wọ́n fi gègé pupa kọ àmì "ó tọ̀nà" gàdàgbà sí lẹ́gbẹ̀ẹ́: sodium oxochlorate(I). "Òun lo gbé dání yẹn," ni wọ́n wí. "Òun náà ni hypochlorite."

Wọ́n tún ṣí ìwé náà sí ẹ̀yìn, sí ìbéèrè ogún, ọ̀kan nínú méjì tí mo kùnà. Ìbéèrè náà ni pé: dárúkọ ìlò kan fún sodium oxochlorate(I). Mo ti kọ ọ́ pé a fi ń ṣe oxygen ní yàrá àyẹ̀wò. Irọ́ ni, potassium trioxochlorate(V) ni wọ́n máa ń gbóná pẹ̀lú manganese(IV) oxide fún ìyẹn. Ní abẹ́ rẹ̀, tíṣà ti fi gègé pupa kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi pé: fífọ aṣọ funfun, pípa kòkòrò, má pò ó mọ́ ásíìdì. Ó wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ìwé náà padà. N kò wo ẹ̀yìn ìwé rí. Iwájú tí 18 wà ni mo ń wò.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ní, kí ló dé tí nǹkan kan fi ní orúkọ méjì? Èmi náà béèrè. Ẹ wo èmi alára. Ní ilé wa, Àṣàkẹ́ ni Màmá àgbà ń pè mí. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan wá sí géètì ilé ìwé wa kó ní Àṣàkẹ́ lòun ń wá. Ẹ̀yin gan-an tí ẹ jókòó tì mí láti JS1 á ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí. Orúkọ tó wà nínú rẹ́jísítà lẹ mọ̀. Jíìkì ni wọ́n ń pè é lójúde, hypochlorite ló ń jẹ́ lára ike, oxochlorate(I) ló ń jẹ́ nínú rẹ́jísítà WAEC.

Orúkọ ara ike yẹn, ti àtijọ́ ni. Bí orúkọ Ìdòwú àti Àlàbá ló ṣe rí létí mi. Ìdòwú kò sọ ohunkóhun fún yín àfi tí ẹ bá mọ̀ pé ìbejì ló ṣáájú rẹ̀. Àlàbá náà, àfi tí ẹ bá mọ Ìdòwú. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn àgbà onímọ̀ ṣe ń sọ ọmọ chlorine lórúkọ. Èyí tí oxygen mẹ́ta wà nínú rẹ̀ ni wọ́n mú bí àkọ́bí, wọ́n pè é ní chlorate. Èyí tí oxygen rẹ̀ fi ẹyọ kan dín, chlorite. Èyí tó tún dín sí i, wọ́n fi hypo ṣáájú, tó túmọ̀ sí "abẹ́" lédè Gíríìkì: hypochlorite. Èyí tó lé ẹyọ kan, wọ́n fi per ṣáájú: perchlorate. Èyí tí kò ní oxygen rárá, chloride, bí iyọ̀ ọbẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ àkọ́bí kò lè fi orúkọ náà ka iye ohunkóhun. Ní ọdún 1919 ni Alfred Stock, ará Jámánì kan, dábàá pé kí wọ́n máa fi nọ́ńbà Róòmù sínú àkámọ́ lẹ́yìn orúkọ. Ibẹ̀ ni (I) àti (V) tí à ń hù lénu ti wá. Ní tiwa, wọ́n tún ka oxygen mọ́ ọn níwájú: trioxo, mẹ́ta, tetraoxo, mẹ́rin.

Èmi ti mọ (I) yẹn sórí. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ló ń sọ.

Tíṣà ya á sójú pátákó fún mi, wọ́n sì fi owó ṣàlàyé rẹ̀. Owó náà ni electron. Oxygen, ẹ mú un bí ẹni tó máa ń gba méjì lọ́wọ́ àwọn tó bá bá gbé. Sodium máa ń san ọ̀kan. Ohun tó wọlé àti ohun tó jáde gbọ́dọ̀ dọ́gba nínú ìwé ìṣirò. Nínú NaOCl, oxygen ti gba méjì. Sodium san ọ̀kan. Ta ló san ìkejì? Chlorine ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ I. Nínú KClO₃, oxygen mẹ́ta gba mẹ́fà, potassium san ọ̀kan, chlorine ló fi orí fá márùn-ún tó kù: V. Ṣùgbọ́n nínú iyọ̀, kò sí oxygen, chlorine fúnra rẹ̀ ló wá gba ọ̀kan lọ́wọ́ sodium. Nítorí náà ó lé ọ̀kan.

Chlorine inú jíìkì, ẹni tí wọ́n gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ó ń wá ibi tí yóò ti gbà á padà. Ó rí àbàwọ́n lára aṣọ, ó gbà á lára rẹ̀, àwọ̀ àbàwọ́n sì parẹ́. Ó rí kòkòrò, ó gbà á lára rẹ̀, kòkòrò kú. Bó ṣe ń fọ nǹkan nìyẹn. Àwa ló rò pé ọṣẹ ni.

Wàyí o, òògùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Tíṣà mú ìgò kékeré mi lọ sẹ́yìn yàrá àyẹ̀wò níbi tí atẹ́gùn wà, wọ́n bu díẹ̀. Bébà litmus aláwọ̀ búlúù di pupa: ásíìdì. Wọ́n kán silver trioxonitrate(V) sí òmíràn, ó di funfun bí ògì. Wọ́n kán ammonia sí i, funfun náà yọ́. Chloride wà níbẹ̀. Hydrochloric acid ni wọ́n ń kiri ní ike omi láìsí orúkọ. Nígbà tí wọ́n fi litmus pupa kan jíìkì ní tirẹ̀, ó kọ́kọ́ di búlúù, kí n tó pajú dé, bébà náà di funfun pátápátá. Ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n da èyí àti ìyẹn nù sí, wọ́n sì fọ ọwọ́ wọn láàárín méjèèjì.

Wọ́n wá kọ ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ Sátidé sójú pátákó ní ìlà kan:

NaOCl + 2HCl → NaCl + H₂O + Cl₂

Ẹ wò ó dáadáa. Chlorine inú jíìkì pàdánù ọ̀kan. Chlorine inú ásíìdì lé ọ̀kan. Mo mú ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè àti ẹni tí owó kún ọwọ́ rẹ̀, mo ti àwọn méjèèjì mọ́ inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan. Wọ́n san gbèsè, àwọn méjèèjì di òdo, wọ́n di ara wọn mú, wọ́n di gáàsì, wọ́n jáde lọ bá ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Gbogbo ẹjọ́ yẹn wà nínú I kékeré inú àkámọ́ tí mo ń kọ bí orin.

Gáàsì náà fi bí ìlọ́po méjì àtààbọ̀ wúwo ju atẹ́gùn tí à ń mí lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ló máa ń wọ́ lọ. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa wà ní ìsàlẹ̀. Ọmọdé náà kúrú. Ìdí nìyẹn tó fi dára tí Bàbá onírédíò gbé e gun òkè. Ní ọjọ́ 22, oṣù kẹrin, ọdún 1915, gáàsì yìí kan náà ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sílẹ̀ sí àwọn ọ̀tá wọn ní Ypres, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ó sì wọ́ lọ sínú kòtò tí àwọn ọmọ ogun ibẹ̀ sá sí. Tó bá dé ibi tó tutù lára èèyàn, ojú, ọ̀fun, inú ẹ̀dọ̀fóró, á bá omi ibẹ̀ di ásíìdì. Tíṣà kò fẹ́ sọ ti Ypres fún mi, èmi ni mo béèrè.

Mo tún béèrè ìbéèrè kejì tí mo kùnà, nítorí mo ti pinnu láti wo ẹ̀yìn ìwé dáadáa báyìí. Wọ́n ní ká mú èyí tí kò sí chlorine nínú rẹ̀ láàárín chloroquine, PVC tí wọ́n fi ń ṣe páìpù omi, àti chlorophyll. Mo mú PVC, torí n kò rí "chloro" nínú orúkọ rẹ̀. C tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ ni chloride! Chlorine wà nínú chloroquine náà. Chlorophyll ni kò ní in rárá, magnesium ló wà láàárín rẹ̀. Chloro tirẹ̀ túmọ̀ sí àwọ̀ ewé lásán. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan náà ni Humphry Davy ti mú orúkọ chlorine jáde ní London ní 1810, nítorí àwọ̀ gáàsì náà rí bí ọsàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n. Kó tó dìgbà náà, àwọn onímọ̀ tí wọ́n mọ gáàsì náà láti ìgbà tí Scheele ti rí i ní Sweden ní 1774 rò pé oxygen wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ti fi oxygen sínú orúkọ rẹ̀. Davy ṣe gbogbo ohun tó lè ṣe láti yọ oxygen náà jáde, kò rí nǹkan kan yọ, ó wá ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn pè é ní ohun tí ojú rí. Orúkọ oxygen gan-an túmọ̀ sí "a-bí-ásíìdì", bẹ́ẹ̀ hydrochloric acid tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di apààyàn kò ní oxygen kankan. Ẹ̀yin tí ẹ ń rò pé àwọn tó ń sọ nǹkan lórúkọ kì í ṣàṣìṣe, ẹ gbọ́ o.

Ọ̀rẹ́ mi kan nínú kíláàsì yìí, tó mọ ara rẹ̀, sọ fún mi pé wàhálà ni gbogbo èyí, pé WAEC ní ká kọ trioxochlorate(V), ká kọ ọ́, ó parí. Mi ò bá a jiyàn nípa WAEC. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò sí ike kan lọ́jà tí wọ́n kọ oxochlorate sí lára. Sà, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ń ka pátákó yìí, ẹ forí jì mí: mo rò pé ó yẹ ká máa kọ orúkọ ara ike sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ìdánwò, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì mú ike òfìfo kan wá láti ilé. Kì í ṣe pé ẹ ò kọ́ wa. Ẹ kọ ọ́ sí ìbéèrè ogún fún mi, ojú mi ni kò sí níbẹ̀.

Àbúrò mi lo òru kan ní ilé ìwòsàn, ó sì padà wálé. Owó tí a fẹ́ fi ra ike òògùn rẹ̀, a fi í kún owó ilé ìwòsàn, Bàbá onírédíò ló yá wa ní èyí tí a fi ra òmíràn.

Lálẹ́ Wẹ́sìdeè, Màmá onílé pè mí. Wọ́n ní kí n wá kọ nǹkan sára àwọn ike wọn. Wọ́n mọ Yorùbá kà dáadáa, Bíbélì ni wọ́n fi kọ́ ọ, ṣùgbọ́n wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo ìkìlọ̀ tó wà lára ike jíìkì láti ọdún yìí wá, Gẹ̀ẹ́sì ni, ó sì kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Mo ya bébà, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Sára èyí àkọ́kọ́ mo kọ: JÍÌKÌ. ORÚKỌ RẸ̀ MÌÍRÀN NI SODIUM HYPOCHLORITE ÀTI SODIUM OXOCHLORATE(I). Ẹ MÁ PÒ Ó MỌ́ ÁSÍÌDÌ. Ẹ MÁ PÒ Ó MỌ́ ÒÒGÙN ILÉ ÌGBỌ̀NSẸ̀. Ẹ MÁ PÒ Ó MỌ́ AMMONIA. OMI NÌKAN. Sára èkejì: ÁSÍÌDÌ NI, HYDROCHLORIC ACID. KÒ GBỌDỌ̀ BÁ JÍÌKÌ PÀDÉ.

Wọ́n wọ gíláàsì wọn, wọ́n kà á sókè, wọ́n fo àwọn orúkọ gígùn náà kọjá.

"Ọtí kíkan ńkọ́?" wọ́n béèrè. "Ìyàwó ọmọ mi máa ń fi ọtí kíkan fọ síǹkì."

"Ásíìdì ni, mà. Kò gbọdọ̀ bá a pàdé."

"Kọ ọ́ sí i."

Mo kọ ọ́ sí i. Wọ́n ní kí n kọ́ àwọn ní orúkọ gígùn náà pẹ̀lú, kí àwọn lè sọ ọ́ fún àwọn tó ń kiri. A fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ìdajì wákàtí lórí hypochlorite. Àbúrò mi ló ń ṣe tíṣà.

Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, tó bá fẹ́ wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á na imú, á fà á lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá rí i pé mo wà nítòsí, á kọ́kọ́ pè mí, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ò pò ó?" Kì í ti ilẹ̀kùn mọ́.